Ọ̀nà Mọ́tò Tí Adìẹ Lè Rìn

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Àjàṣẹ́ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá àgbà, kí gan-an ni iṣẹ́ yín?" Mo ní iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni. Ó ní, "Títì?" Mo ní rárá o, ìjọba ló ń ṣe títì. Èmi ń ṣe ibi tó wà láàárín títì àti ẹnu ilẹ̀kùn, ibi tí mọ́tò àti alùpùpù ń gbà wọlé. Ó ní, "Ìyẹn náà, ṣé iṣẹ́ ni?"

Mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì jẹ́ kí n mú bírò. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, ní Ìfọ̀nyìn níbí, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, àti ní àwọn abúlé tó yí wa ká, kí orúnkún mi tó ní ó tó. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Páfé, nítorí bíríkì sìmẹ́ǹtì tí à ń tò sílẹ̀, tí àwọn elédè Faransé ń pè bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mi ò sọ pé kí ẹ wá kọ́ tèmi. Mo kàn fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, pàápàá ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe sí adìẹ Ìyá Sábírà ní Bànígbé. Ó wà lọ́kàn mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún tó kọjá ló tó kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi lè jókòó kọ ọ́.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi mú mi lọ bá Bàbá Yésúfù, wọ́n kí ara wọn, wọ́n sọ iye ọdún tí mo máa lò, ó parí. Ní ti owó, ẹ má bi mí. Mo jẹun, mo fẹ́yàwó, àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwé.

Bàbá Yésúfù, tí àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè ní Pàtírọ́ọ̀ bí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ṣe ń pe ọ̀gá wọn lọ́dọ̀ wa, jẹ́ ènìyàn kúkúrú tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ló ti gba sálúbàtà mi, ó sọ ọ́ sókè àjà. Ó ní, "Wàá gbà á nígbà tí o bá mọ ohun tí ò ń ṣe." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Títí mo fi kọ́ṣẹ́ tán ni mo fi rin ojú iṣẹ́ láìwọ bàtà.

Yàǹgí ni iṣẹ́ wa nígbà yẹn, òkúta pupa tí à ń wà nínú ilẹ̀. A máa ha ojú ilẹ̀ kúrò, a máa da yàǹgí tí a ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ sí i, a máa wọ́n omi sí i, a sì máa fi pákó pẹlẹbẹ lù ú láti àárọ̀ títí apá á fi kú. Tí a bá lù ú tán, Pàtírọ́ọ̀ á ní kí n rìn ín láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ibi tí mo bá ti yọ́ ẹsẹ̀, ibẹ̀ la máa tú. Ó máa ń sọ pé, "Adìẹ ilé yìí kò ní bàtà, Ráímì. Ohun tó bá gún ìwọ yóò gún wọn." Nítorí lọ́dọ̀ wa, a kì í ti adìẹ mọ́lé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n ti jáde nìyẹn, gbogbo àgbàlá ni tiwọn títí di ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà sì ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Lọ́jọ́ kan ní Dáàgbé, a ti parí iṣẹ́, a ti kó ẹrù sórí ọmọlanke, ni Pàtírọ́ọ̀ bá rí ìṣó kan ṣoṣo nílẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn mú ìgbálẹ̀ fún mi, ó jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, ó ní òun ń dúró. Mo gbá ojú ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi ọwọ́ wá ìṣó kiri lórí orúnkún mi, èmi tí mo ti ń dá irùngbọ̀n sí. Àwọn ọmọbìnrin ilé náà fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Inú bí mi títí a fi délé.

Ṣùgbọ́n èyí tó ni mí lára jù ni jíjókòó. Pàtírọ́ọ̀ kì í gbé ọkọ́ kan ilẹ̀ onílẹ̀ láìkọ́kọ́ fi odindi àárọ̀ kan wo adìẹ. Ó máa gbé àpótí sí ìdí ògiri, á ní kí n jókòó, kí n wo ibi tí wọ́n ń gbà, ibi tí wọ́n ti ń mu omi, ibi tí wọ́n ti ń yí ara nínú eruku tí oòrùn bá mú. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè ẹni tó ni wọ́n. Lọ́pọ̀ ilé, bàbá ló ni mọ́tò, ìyá ló ni adìẹ. Bàbá ló máa pè wá, ìyá ni Pàtírọ́ọ̀ máa bá jókòó. Ó máa ń jẹ́ kí ara bàbá gbóná díẹ̀, ó sì máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Èmi rò pé ìwà àgbà tí kò níṣẹ́ ni. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá gba òmìnira, mi ò ní fi àárọ̀ mi wo adìẹ láéláé.

Mo gba òmìnira. Pàtírọ́ọ̀ gbàdúrà fún mi níwájú àwọn òbí mi, ó fa sálúbàtà mìíràn lé mi lọ́wọ́, nítorí èkúté ti jẹ ti àkọ́kọ́. Mo ra ọkọ́, mo ra buruwẹ́ẹ̀tì, ọmọlanke kékeré ẹlẹ́sẹ̀ kan tí à ń fi ọwọ́ tì kó erùpẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ọkọ Ìyá Sábírà fi ránṣẹ́ sí mi láti Bànígbé. Ọkùnrin náà ń ra gààrì àti àgbàdo lọ tà ní Nàìjíríà, mọ́tò ẹrù rẹ̀ ń wọlé ń jáde, eruku pupa sì ń bo gbogbo ohun tí wọ́n bá sá. Ó fẹ́ ohun tí yóò pa eruku kíákíá. Mo ti ní ọgbọ́n kan lórí. Ní Ìgòlò, lẹ́bàá ẹnubodè níbi tí àwọn mẹkaníkì pọ̀ sí, òróró ẹ́ńjìnì àlòkù tí wọ́n ń tú jáde, tí wọ́n ń pè ní fidáńsì, kún inú àgbá káàkiri, ọ̀fẹ́ ni. Mo ti rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn pé ibi tí ó bá dà sí kì í ní eruku mọ́, koríko kì í sì í hù níbẹ̀. Mo gbé àgbá mẹ́ta wá. Mo lu ilẹ̀ náà dáadáa, mo sì da òróró sí i láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Kí n má purọ́ fún yín, ó rẹwà. Ó dúdú, ó ń dán, mọ́tò gun orí rẹ̀, eruku kankan kò dìde. Bàbá Sábírà bọ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, ẹni méjì sọ pé kí n wá ṣe tiwọn. Ìyá Sábírà kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ nájà. Mi ò dúró dè é, mi ò sì jókòó wo adìẹ kankan.

Adìẹ obìnrin yìí kì í ṣe adìẹ ṣákálá. Adìẹ aṣá ni wọ́n, àwọn tí ìyẹ́ wọn máa ń ká sókè bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ wọn láti ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ló fa abo kan lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó lọ sílé ọkọ, láti ara ìyẹn ni gbogbo wọn ti wá. Ó so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà yẹn. Ohun tó kù fún un lára ìyá náà kò ju adìẹ wọ̀nyẹn lọ.

Ibi tí adìẹ náà ti ń yí ara nínú eruku láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà nílé náà, àárín ojú ọ̀nà ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n padà sí. Wọ́n fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ sínú òróró, wọ́n dà á sára, wọ́n sì fi ẹnu tún ìyẹ́ ara wọn ṣe bí adìẹ ṣe máa ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹta ni àwọn méjì kọ́kọ́ kú. Nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, òkú adìẹ mẹ́tàlá ló wà nínú agbọ̀n lẹ́bàá ògiri, tí gbogbo wọn dúdú, àkùkọ ńlá wà lókè. Ìyá Sábírà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kí i. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí.

Èmi kọ́ ni mo lọ pe Pàtírọ́ọ̀, ọ̀rọ̀ náà ló lọ bá a. Ó gun sẹ́míjàn dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọlọ́kadà náà kò tí ì pa ẹ́ńjìnì tí ó ti sọ̀kalẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó bu erùpẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bi Ìyá Sábírà pé, "Ìyàwó mi, ṣé kò ku ẹyọ kan?"

Obìnrin náà fi ọwọ́ tọ́ka sí ilé ìdáná. Abo kan ṣẹ́kù, ó ń sàba lé ẹyin lẹ́yìn ìkòkò omi. Ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́ ló máa ń dìde láti jẹun, wọ́n sì ti ń fún un lóúnjẹ nínú ilé láti ọjọ́ tí àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ẹyin náà pa.

Pàtírọ́ọ̀ yíjú sí mi. "O gbọ́? Ọjọ́ mẹ́fà. Tí òròmọdìẹ bá jáde, ìyá wọn máa kó wọn jáde, kò sí ẹni tó máa dá a dúró. Gbogbo dúdú yìí gbọ́dọ̀ kúrò. Bọ́ bàtà ẹ."

Mo bọ́ bàtà. Mo fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ náà, mo ń fi buruwẹ́ẹ̀tì kó o jáde, a sì ń gbé e padà lọ sínú kòtò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkaníkì, nítorí Pàtírọ́ọ̀ ní ẹni tó bá dà á sí oko tàbí sí odò, òun á mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra òun. Mo rò pé ìka kan ni òróró náà wọlẹ̀. Ibi míì wọlẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́. Tí mo bá ní ó tán, Pàtírọ́ọ̀ á bu erùpẹ̀, á gbé e sí imú, á ní, "Ó kù." Ní ọjọ́ kẹrin, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Ẹ̀rù ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe agbára. Gbogbo ìgbà tí abo náà bá ké nínú ilé ìdáná, mo máa tún yára gbẹ́ ilẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kẹfà a da yàǹgí tuntun síbẹ̀, a lù ú. Kò gbẹ tán tí Sábírà, ọmọ ọdún méje nígbà náà, fi sáré jáde pé ẹyin ń ké. Méje pa nínú mẹ́sàn-án. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà, mo sì sunkún níwájú ọ̀gá mi àti níwájú ọkọ obìnrin náà, kò sí èyí tó fi mí ṣẹ̀sín nínú wọn.

Ìyá Sábírà dúpẹ́ lọ́wọ́ Pàtírọ́ọ̀. Ó wá kọjú sí mi. "Ráímì, mo ti forí jì ọ́ nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n adìẹ mi kankan kò ní dé ọwọ́ rẹ."

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Lọ́dọ̀ wa, tí ènìyàn bá fọkàn tán ẹ, á fún ẹ ní àgbébọ̀ adìẹ kan kí o máa bá a sìn ín, tó bá pa ọmọ, ẹ ó pín in. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà kan ní Ìfọ̀nyìn tí kò bá ẹnìkan sin adìẹ rí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Sábírà, ẹnikẹ́ni kò gbé adìẹ fún èmi. Wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún mi, wọ́n ń jẹun nílé mi, wọ́n sọ ọmọ ní orúkọ mi pàápàá. Adìẹ kò wá.

Ọdún ń lọ, irinṣẹ́ ń yí padà. Pákó ìlulẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì dé, ó ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́jọ, ó sì ń ba etí jẹ́. Sìmẹ́ǹtì dé, páfé tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ́, ṣùgbọ́n mo ń bọ́ bàtà mi, mo sì ń jókòó wo adìẹ bí ọ̀gá mi. Èèpo ẹkùrọ́ tí wọ́n ń dà sí ojú ọ̀nà ní abà wa dára fún táyà lóòótọ́, àmọ́ etí rẹ̀ mú, ó ń ya adìẹ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà á sì wú. Òkúta tí ẹ̀rọ fọ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí omi odò ti yí roboto ni mo máa ń lò. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dà káàkiri máa ń gbóná lọ́sàn-án débi pé òròmọdìẹ ò lè kọjá, tí kò bá sì tí ì gbẹ, ó ń jó wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó mọ́ tónítóní ni mo máa ń tò páfé fún, iyanrìn ni mo sì ń fi dí àlàfo rẹ̀. Pàtírọ́ọ̀ rí díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyẹn kó tó di olóògbé. Ó ní kò burú. Láti ẹnu rẹ̀, ìyẹn pọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé mo ti fẹ̀yìn tì, mọ́tò dúdú kan dúró níwájú ilé mi. Ọkùnrin tó sọ̀kalẹ̀ ni Nùrúdíìnì, àbúrò Sábírà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnú, tí Faransé sì máa ń bọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, débi pé Tọ́ńtọ̀n ló ń pe àgbà ọkùnrin. Bàbá wọn ti kú, ó ń tún ilé ṣe fún ìyá rẹ̀.

"Tọ́ńtọ̀n, ẹ kú ilé. Mo fẹ́ ṣe ojú ọ̀nà wa ní gudurọ́ọ̀, bí ti títì. Kó dúdú, kó dán. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Bí ó ṣe sọ pé kó dúdú, òórùn òróró ọjọ́ náà padà sí imú mi. Mo bi í pé, "Ṣé o ti bi màmá ẹ?"

"Bọ̀n, màmá kì í wa mọ́tò, Tọ́ńtọ̀n."

"Ṣé ó ṣì ń sin adìẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn adìẹ tí irun wọn rí játijàti yẹn? Wọ́n kún ibẹ̀."

Mo sọ fún un pé mi ò ní ṣe gudurọ́ọ̀, àti pé mo ti fẹ̀yìn tì. Ó ti padà dé inú mọ́tò kí n tó ronú pé ẹlòmíràn máa ṣe é. Mo pè é padà, mo ní màá ṣe é, àmọ́ kì í ṣe gudurọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, mo ti wà ní Bànígbé. Ìyá Sábírà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ṣì mú. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ráímì ni?" Mo ní èmi ni, Màmá, mo sì gbé àpótí sí ìdí ògiri. Mo wo adìẹ títí oòrùn fi kan orí. Aṣọ pupa ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ibi tí wọ́n ti ń yí ara nínú eruku kò yí padà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Obìnrin náà ń wò mí, èmi ń wo adìẹ. Nígbà tí mo dìde, mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n ṣe é. Ó ní, "Mo ti rí i pé o jókòó."

Mo to páfé sí ipa táyà méjèèjì nìkan. Àárín wọn, yàǹgí tí a lù ni, ó sì tutù lẹ́sẹ̀. Gọ́tà tó kọjá níbẹ̀, mo bò ó kí òròmọdìẹ má baà já sí i. Níbi tí adìẹ ti ń yí ara gan-an, mi ò fi ohunkóhun bò ó. Mo yọ òkúta inú rẹ̀, mo da eérú díẹ̀ mọ́ ọn, mo sì yí ipa táyà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nùrúdíìnì di orí rẹ̀ mú. "Tọ́ńtọ̀n, ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà! Ẹ tún jẹ́ kí mọ́tò máa yà fún adìẹ!"

Ìyá rẹ̀ pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kó máa yà! Adìẹ ló kọ́kọ́ dé ilé yìí."

"Dakọ́ọ̀, Màmá, mo ti gbà."

Abẹ́ àgò ni a kó adìẹ sí títí iṣẹ́ fi parí, tí a fi gbá gbogbo àjẹkù sìmẹ́ǹtì kúrò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí a ṣí àgò, mo dúró lẹ́yìn géètì bí ẹni tó jí nǹkan. Àkùkọ kọ́kọ́ gun páfé, ó wò ó, ó rìn kọjá. Àwọn abo tẹ̀ lé e, wọ́n lọ tààrà síbi eruku wọn. Mi ò jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ para mi nítorí adìẹ ni. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ mo gun sẹ́míjàn lọ síbẹ̀. Mo kà wọ́n láti ẹnu géètì. Gbogbo wọn pé. Wọ́n wà nínú eruku, wọ́n tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n dijú fún ìgbádùn, òròmọdìẹ mẹ́rin ń sáré lórí páfé. Ara mi fúyẹ́.

Ìyá Sábírà pè mí wọlé. Àgbébọ̀ aṣá kan wà lẹ́bàá àga rẹ̀, wọ́n ti fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ pupa sì wà ní ẹsẹ̀ kejì. Ó gbé e sí ọwọ́ mi. "Bá mi sìn ín. Tó bá pa ọmọ, a ó pín in."

Mo tẹríba, mo dúpẹ́. Ó ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo gbé e lé itan lórí sẹ́míjàn títí dé ilé. Ìyàwó mi rí i, ó rí aṣọ pupa, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kó bá mi dì í mú díẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo sì rin àgbàlá wa láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Mo rí ìṣó kan lẹ́bàá kànga. Mo mú un nílẹ̀, mo fi í sápò, mo sì padà wá tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀.